Bí a ṣe ń tọ́jú purotéènì PSA tí a fi jíìnì ènìyàn ṣe, láti ọjọ́ tí ó bá dé Ilé-Ifẹ̀ títí dé orí àwo àyẹ̀wò

Ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ prostate ní Ilé-Ifẹ̀ níbí kò ní pẹ́ bá ìgò kékeré kan pàdé tí wọ́n kọ PSA (prostate-specific antigen) sí lára. Ohun tí ó wà nínú ìgò náà lè má ju 10 tàbí 50 maikirogíráàmù lọ, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan maikirogíráàmù ni a ó kó jọ kí ó tó di mílígíráàmù kan ṣoṣo. Ojú lásán lè máà rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Owó dọ́là ni a fi ń rà á, a sì máa ń dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó dé.

Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò gan-an ni purotéènì náà sábà máa ń bàjẹ́. Wákàtí àkọ́kọ́ tí a ṣí ìgò náà ni ó ti ń bàjẹ́, tàbí ní àwọn òru tí iná kò sí tí ohun inú fíríṣà ń yọ́ tí ó sì tún ń dì. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò mọ àyẹ̀wò ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ó fi ń ṣe é ti kú láti oṣù tí ó kọjá. Nítorí náà, ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ìtọ́sọ́nà yìí yóò dá lórí bí a ṣe ń gbà á, bí a ṣe ń ṣí i, àti bí a ṣe ń pín in sí wẹ́wẹ́.

Ohun tí ó wà nínú ìgò náà

PSA jẹ́ purotéènì tí prostate, ẹ̀yà ara kékeré tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ń ṣe sínú àtọ̀. Jíìnì KLK3, tí ó wà lórí krómósómù 19, ni ó ń darí bí a ṣe ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni gígé: bí àtọ̀ bá jáde tí ó dì bí ẹ̀kọ, PSA ni ó ń gé àwọn purotéènì tí a ń pè ní semenogelin kí àtọ̀ náà lè yọ́, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin inú rẹ̀ sì lè rìn. Díẹ̀ lára rẹ̀ ni ó máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú díẹ̀ náà máa ń so mọ́ purotéènì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ alpha-1-antichymotrypsin. Ìyókù tí kò so mọ́ nǹkan kan ni a ń pè ní PSA òmìnira. Ní ọdún 1986 ni àjọ FDA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò PSA fún títọ pinpin àwọn tí jẹjẹrẹ prostate ti mú, nígbà tí ó sì di ọdún 1994, wọ́n fọwọ́ sí i láti fi ṣèrànwọ́ nínú wíwá àrùn náà.

Èyí tí a ń rà fún ìwádìí kì í sábà ti ara ọkùnrin kankan wá. Wọ́n máa ń gbé jíìnì KLK3 ti ènìyàn sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn, sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì máa ṣe purotéènì náà bí ẹni tí a bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì gbẹ ẹ́ nínú òtútù títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú.

Kí a tó rà á

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe sílẹ̀, nítorí PSA kan kò bá gbogbo iṣẹ́ mu. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá áńtíbọ́dì kan (purotéènì tí ń dá nǹkan kan pàtó mọ̀, tí ó sì ń dì mọ́ ọn) ń dá PSA mọ̀ lórí ọ̀rá Western blot, ìyẹn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń wá purotéènì lórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe nínú bakitéríà E. coli lè tó, ó sì sábà máa ń dínwó. Ṣùgbọ́n E. coli kì í so ṣúgà mọ́ purotéènì bí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ti ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ibì kan wà lára PSA tí ṣúgà gbọ́dọ̀ wà. Bí iṣẹ́ yín bá dá lórí ṣúgà yẹn, tàbí lórí bí PSA ṣe ń gé nǹkan, èyí tí wọ́n ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́mú, irú bíi HEK293 tàbí CHO, ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá sì fẹ́ dà á lé sẹ́ẹ̀lì ààyè lórí, ẹ wo iye endotoxin tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí ìdọ̀tí láti ara bakitéríà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì náà gbaná jẹ, ẹ ó sì rò pé PSA ni ó ṣe é.

Nǹkan kan wà nínú ìwé náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú fò, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Wọ́n máa ń kọ ibi tí purotéènì náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kọ́kọ́ ṣe PSA, amínò ásíìdì 261, àwọn ègé kéékèèké tí a fi ń kọ́ purotéènì, ni ó ní. Mẹ́tàdínlógún àkọ́kọ́ jẹ́ àmì tí ó ń tọ́ ọ jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì gé e kúrò. Méje tí ó tẹ̀ lé e dà bí àkọ̀ tí a ti idà bọ̀: níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lára rẹ̀, PSA kò lè gé nǹkan kan. Bí wọ́n bá gé méje yìí náà kúrò, 237 ni yóò kù, ìyẹn sì ni PSA tí ó ti dàgbà. Nítorí náà, bí ìwé yín bá sọ pé Ala18 sí Pro261 (orúkọ kúkurú amínò ásíìdì àti nọ́ńbà ipò rẹ̀), idà tí ó ṣì wà nínú àkọ̀ ni ẹ rà. Bí ó bá sọ pé Ile25 sí Pro261, ó ti jáde. Àwọn méjèèjì dára fún ìṣirò ELISA, àyẹ̀wò tí a fi áńtíbọ́dì àti àwọ̀ wọn iye purotéènì nínú àwo oníhò, bí áńtíbọ́dì yín bá dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọn agbára gígé, tí ó sì ra èkínní láìmọ̀, yóò jókòó ti ẹ̀rọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrí nǹkan kan.

Ẹ wo ìrù, ìyẹn ègé àfikún, tí wọ́n so mọ́ ọn pẹ̀lú. Ìrù histidine mẹ́fà kì í sábà fa wàhálà. Èyí tí ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni ìrù Fc ti ènìyàn, tí ó jẹ́ apá kan lára áńtíbọ́dì tí a ń pè ní IgG, nítorí áńtíbọ́dì kejì tí a ṣe láti mú IgG ènìyàn yóò dì mọ́ ìrù náà fúnra rẹ̀, àwọ̀ yóò sì jáde lórí àwo bí ẹni pé PSA ni a rí.

Gbígbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá

Púpọ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú wọ̀nyí lè fara da ọjọ́ díẹ̀ láìsí yìnyín, bí ìwé wọn bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ti jẹ́ omi kò lè fara dà á. Ẹ bi olùtà kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì mọ ọjọ́ tí yóò dé Èkó, nítorí láti pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà dé Ifẹ̀ gba gbígba Ìbàdàn kọjá, ọkọ̀ sì lè dúró lójú ọ̀nà. Bí yìnyín gbígbẹ bá wà nínú páálí náà, ẹ má ṣe ti gbogbo wíńdò ọkọ̀ pa, nítorí gáàsì tí ó ń jáde lára rẹ̀ lè mú kí awakọ̀ dákú.

Ní ọjọ́ tí ó bá dé, ẹ kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tù, ọjọ́ àti aago sínú ìwé láàbù, kí ẹ sì ya fọ́tò bí yìnyín tí ó kù ṣe rí. Bí ẹ kò bá tíì ṣetán láti lò ó, ẹ má ṣe ṣí i. Ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ nínú fíríṣà. Lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ ni ó lè bá wa fara da àìsí iná jù, gbàrà tí omi bá sì ti kàn án ni ààbò yẹn ti lọ.

Ṣíṣí i àti fífi omi sí i

Ẹ yọ ìgò náà kúrò nínú fíríṣà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà lórí tábìlì láìṣí i títí yóò fi bá yàrá dọ́gba. Ní àsìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ Ifẹ̀ kún fún omi, ẹ ó rí i tí ìrì ń sẹ̀ sára ìgò tútù náà. Bí ẹ bá ṣí i nígbà náà, inú rẹ̀ ni ìrì yẹn yóò wọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, gbogbo nǹkan ti gbẹ débi pé lẹ́búlẹ́bú lè fò mọ́ ìdérí. Nítorí èyí, ẹ fi ìgò náà sínú sẹntirifúùjì fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó ṣí i, kí gbogbo ohun inú rẹ̀ lè wálẹ̀ sí ìdí.

Omi tí a ó lò gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí a sè tí a gba oru rẹ̀, tí a sì sẹ́ gba asẹ́ 0.22 maikirómítà, tàbí bọ́fà (omi tí ìwọ̀n ìkan rẹ̀, ìyẹn pH, kì í yí padà bọ̀rọ̀) tí ìwé náà bá dárúkọ. Omi inú ọ̀rá tí a ń mu kò yẹ fún un rárá, bó ti wù kí ó mọ́ tó lójú. Ẹ má ṣe fi bọ́fà tí zinc wà nínú rẹ̀ sí i, nítorí zinc máa ń dí PSA lọ́wọ́ láti gé nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìgò 50 maikirogíráàmù ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá fi 500 maikirolítà sí i, mílílítà kọ̀ọ̀kan yóò ní 100 maikirogíráàmù, ìyẹn 100 µg/mL. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri ìgò, kí ẹ dé e, kí ẹ sì yí i lọ yí i bọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ìka méjì. Kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Ẹ má ṣe gbé e lé ẹ̀rọ tí ń gbọn nǹkan. Bí ìfòòfó bá fi lè hó nínú rẹ̀, apá kan purotéènì náà ti ń tú nìyẹn, kò sì ní padà sí bí ó ti wà. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́.

“Ìwọ̀n ooru yàrá” tí ìwé wọn ń sọ túmọ̀ sí nǹkan bí 20 sí 25 °C. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù níbí lè kọjá 30 °C lọ́sàn-án. Èmi máa ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú.

Pípín in sí wẹ́wẹ́

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pín in, kí ó má di ọ̀la. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ pín in sí 10 maikirolítà nínú túùbù kékeré kọ̀ọ̀kan, irú túùbù tí purotéènì kì í lẹ̀ mọ́. Túùbù kọ̀ọ̀kan yóò ní maikirogíráàmù kan gẹ́lẹ́, ẹ ó sì rí túùbù bí ogójì ó lé díẹ̀, nítorí díẹ̀ yóò ṣòfò lẹ́nu pìpẹ́ẹ̀tì. Túùbù kan ni fún ọjọ́ iṣẹ́ kan. Bí ẹ bá gbé e jáde tí ó yọ́, kò gbọ́dọ̀ padà sínú fíríṣà mọ́.

Bóyá kí a fi purotéènì alátìlẹ́yìn bíi BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) sí i tàbí kí a má fi sí i wà lọ́wọ́ iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Bí ó bá jẹ́ ELISA, BSA 0.1% dára, nítorí PSA kékeré tí ó wà nínú omi púpọ̀ yóò máa lẹ̀ mọ́ ike, BSA ni yóò sì gba ibẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n 0.1% túmọ̀ sí mílígíráàmù kan nínú mílílítà kan, ìlọ́po mẹ́wàá PSA yín. Bí ẹ bá gbé èyí lọ sórí jẹ́ẹ̀lì tí ń to purotéènì bí wọ́n ti wúwo sí, BSA ni ẹ ó rí ní nǹkan bí 66 kDa (kilodáltọ̀n, òṣùwọ̀n bí purotéènì ṣe wúwo tó), gbàǹgbà, bí ẹ bá sì fi ọ̀nà BCA tàbí Bradford wọn iye purotéènì, BSA ni ẹ wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ ya túùbù márùn-ún sọ́tọ̀ láìfi BSA sí i, kí ẹ tó fi sí ìyókù.

Ẹ kọ orúkọ, iye, lọ́ọ̀tù àti ọjọ́ sára túùbù pẹ̀lú pẹ́ńsù lórí bébà tí ó lè fara da òtútù. Ọtí tí a fi ń nu tábìlì máa ń pa yíǹkì máàkà rẹ́.

Nípa fíríṣà, -80 °C ni ó dára jù bí ẹ bá ní in, -20 °C náà sì lè gbé e bí ìwé rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ yẹra fún fíríṣà tí ó ń yọ yìnyín ara rẹ̀, nítorí ó máa ń gbóná díẹ̀ lóòrèkóòrè kí yìnyín lè yọ́ kúrò lára ògiri rẹ̀. Ẹ gbé àpótí túùbù náà sí ìsàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi yìnyín inú ike yí i ká, kí òtútù lè pẹ́ níbẹ̀ bí iná bá lọ. Ìgbà kan wà tí iná lọ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé ní láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, jẹnẹrétọ̀ kò sì ní epo. Nígbà tí a dé, iná ti padà, gbogbo nǹkan sì ti dì padà, kò sí àmì kankan tí ó fi hàn pé ó ti yọ́. Oṣù méjì ni a fi ṣe àyẹ̀wò lórí purotéènì òkú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ife kékeré kan tí omi inú rẹ̀ ti di yìnyín sínú fíríṣà, tí mo sì ń fi owó ẹyọ kan lé orí yìnyín náà. Bí mo bá dé tí owó náà ṣì wà lókè, ọkàn mi á balẹ̀. Bí ó bá ti wọ inú yìnyín lọ, a jẹ́ pé omi yẹn ti yọ́ nígbà tí n kò sí níbẹ̀, n kò sì ní lo ohunkóhun nínú fíríṣà yẹn láìtún un yẹ̀ wò.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Túùbù kan tí kò ní BSA tó fún ìlà kan lórí jẹ́ẹ̀lì SDS-PAGE 12%. PSA ti ara ènìyàn wúwo tó nǹkan bí 28 kDa, ṣùgbọ́n nítorí ṣúgà ara rẹ̀, ó sábà máa ń dúró sí àárín 30 sí 34 lórí jẹ́ẹ̀lì. Èyí tí E. coli ṣe yóò sálọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ lo túùbù méjì: kí ẹ fi oògùn tí ń já ìdè sulfur, bíi DTT, sí ọ̀kan, kí ẹ má fi sí èkejì. Okùn sulfur márùn-ún ni ó so PSA pọ̀ nínú. Bí wọ́n bá ti gé e níbì kan láàárín, àwọn okùn náà yóò ṣì so àwọn ègé rẹ̀ pọ̀, yóò sì dà bí odindi ní ìlà tí kò ní DTT. Ní ìlà tí ó ní DTT ni àwọn ègé kéékèèké yóò ti fi ara hàn. Ẹni tí ó bá wo ìlà kan ṣoṣo lè má mọ èyí láéláé.

Fífi í ṣe òṣùwọ̀n fún ELISA

Ẹ yọ túùbù kan, ẹ jẹ́ kí ó yọ́ lórí yìnyín. Ẹ fi 990 maikirolítà bọ́fà tí ó ní BSA sí 10 inú rẹ̀, yóò di 1000 ng/mL (ng ni nánógíráàmù, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni ó wà nínú maikirogíráàmù kan). Ẹ mú 20 níbẹ̀, kí ẹ fi 980 kún un, yóò di 20 ng/mL. Láti ibẹ̀, ẹ máa pín in sí méjì-méjì, 500 sínú 500: 10, 5, 2.5, 1.25, 0.625 àti 0.313. Kí ẹ sì ní ihò tí kò ní PSA rárá. Ẹ yí ẹnu pìpẹ́ẹ̀tì padà ní gbogbo ìgbésẹ̀. 4 ng/mL tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń lò gẹ́gẹ́ bí ààlà látijọ́ bọ́ sí àárín ìlà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Fún àwo náà, ẹ fi áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ sínú àwọn ihò rẹ̀ kí ó wà níbẹ̀ mọ́jú ní 4 °C, kí ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú PBS (bọ́fà oníyọ̀) tí ó ní Tween 20 (irú ọṣẹ kan), kí ẹ sì fi BSA dí àyè tí ó ṣófo fún wákàtí kan. Ẹ má ṣe fi mílíìkì dí i bí ẹ bá fẹ́ lo biotin àti streptavidin (purotéènì tí ń dì mọ́ biotin), nítorí biotin wà nínú mílíìkì. Lẹ́yìn náà, 100 maikirolítà òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan, nínú ihò méjì-méjì, fún wákàtí méjì. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi áńtíbọ́dì kejì tí ó gbé biotin sí i, kí ẹ tún fọ̀ ọ́, kí streptavidin tí ó gbé ẹ́ńsáìmù HRP tẹ̀ lé e, kí TMB mú àwọ̀ jáde, kí ásíìdì dá a dúró, kí ẹ sì kà á ní 450 nánómítà. Kí sodium azide má sí nínú bọ́fà kankan tí yóò kan HRP, nítorí ó máa ń pa á. Ẹ bo àwo náà nígbà ọyẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ihò etí yóò gbẹ ju ti àárín lọ.

Bí àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan bá mú àwọ̀ tí kò tó èyí tí ẹ retí, ẹ bomi là á kí ẹ sì tún un ṣe. Bí PSA bá pọ̀ jù, pàápàá bí a kò bá fọ àwo náà dáadáa kí áńtíbọ́dì kejì tó wọlé, ó lè gba áńtíbọ́dì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n máà rí ara wọn, àwọ̀ yóò sì lọ sílẹ̀ bí ẹni pé PSA kéré.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn agbára gígé

Bí ó bá jẹ́ ti inú àkọ̀ ni ẹ rà, ẹ fi ẹ́ńsáìmù tí ìwé rẹ̀ bá dárúkọ yọ ọ́ jáde, nínú ara ènìyàn KLK2 ni ó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ má ṣe gbàgbé ihò tí ẹ́ńsáìmù yẹn nìkan wà láìsí PSA, kí ẹ lè mọ èyí tí ó ń gé. Ẹ lo bọ́fà tí pH rẹ̀ wà ní nǹkan bí 8. Iyọ̀ púpọ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́. PMSF, oògùn tí ń dá àwọn ẹ́ńsáìmù agé-purotéènì dúró, tí a máa ń dà sínú omi sẹ́ẹ̀lì, yóò pa á.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ìwádìí nìkan ni ìgò yìí wà fún. A kò gbọ́dọ̀ fi í sọ fún bàbá kankan pé ó ní jẹjẹrẹ tàbí kò ní, kì í sì í ṣe oògùn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wé e, ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìlànà ìwádìí gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i, kí ẹni tí ó ni ẹ̀jẹ̀ náà sì ti gbà. Bákan náà, PSA inú ìgò yín sábà jẹ́ ti òmìnira nìkan, nígbà tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ti inú ẹ̀jẹ̀ ti so mọ́ nǹkan mìíràn. Nítorí èyí ni òṣùwọ̀n àgbáyé WHO tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 96/670 fi ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ti so pọ̀ àti ìdá 10 tí ó jẹ́ òmìnira. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí nọ́ńbà òun bá ti àwọn ẹlòmíràn mu gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wé èyí, kí ó sì kọ bí ó ṣe wé e sínú iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá parí, ẹ wo ohun tí ó kù nínú túùbù tí ẹ yọ láàárọ̀. Ẹ da á sínú bílíìṣì, kí ẹ sì fàlà sí i nínú ìwé láàbù pé túùbù yẹn ti tán.